Wéèjì Ọkọ̀ Keje

"Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lo fi wéèjì há táyà yẹn, ta ló wá yọ ọ́?"

 Mummy Ṣóbọ̀wálé, ẹni tó ni yáàdì àti ọkọ̀ akẹ́rù mọ́kànlá tó wà nínú rẹ̀, ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó wo ojú àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Felix, máníjà, ń yí báírò láàárín ìka. Ọláìyá, olórí àwọn tó ń kó ẹrù sọ́kọ̀, ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni. Reuben tí wọ́n bi ní ìbéèrè dúró láàárín yàrá, nítorí kò sẹ́ni tó ní kó jókòó.

Mummy mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó ń fẹ́ ọrùn. Éésì ti kú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí kì í bá ṣe ti ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí kalẹ̀ gbayawu, wọn ì bá ti jinná bí ẹyin nínú yàrá náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ keje ṣàdédé yí padà sẹ́yìn nínú yáàdì wọn ní Ìkòsì, tó sì fún Ládé, awakọ̀ rẹ̀, mọ́ ògiri níbi tó ti ń so tapólì. Kó tó di àṣálẹ́, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún Ládé láti orúnkún. Ọjọ́bọ̀ lòní. Reuben ni mọ́tò-bọ́ì ọkọ̀ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni, ewú ti yọ ní àgbọ̀n rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ti ń múra ìdánwò àṣejáde, ṣùgbọ́n mọ́tò-bọ́ì ni orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. "Bọ́ì" náà ni Felix, tí Reuben fi ọdún mẹ́wàá jù, ń pè é.

Wéèjì kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Igi lásán ni, tó ga níhìn-ín tó rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń há sábẹ́ táyà kí ọkọ̀ má baà yí. Ṣùgbọ́n nínú yáàdì, wéèjì ni ìwé-ẹ̀rí mọ́tò-bọ́ì. Olúkúlùkù ló ń gbẹ́ tirẹ̀, olúkúlùkù ló sì ń sàmì sí i, nítorí ẹni tí wéèjì rẹ̀ bá sọnù lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ kò ní í tijú láti jí ti ẹlòmíì. Igi àpá ni Reuben fi gbẹ́ tirẹ̀, ó kun orí rẹ̀ ní ọ̀dà pupa, ó sì fi ìṣó gbígbóná kọ 7 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni òun àti Ládé ti jọ ń kó ọṣẹ àti ike lọ sí Kútọnu àti Lomé, ọdún mẹ́fà nínú rẹ̀ ni igi yẹn ti ń bá wọn lọ.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sẹ́ni tó tún rí i. Wọ́n ti tú gọ́tà yáàdì. Wọ́n ti gbé páńkó kúrò nílẹ̀, wọ́n ti wo ìdí àwọn òkú táyà. Àwọn mọ́tò-bọ́ì ẹgbẹ́ rẹ̀ kó wéèjì tiwọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò ó sílẹ̀ fún un bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, kò sì sí tirẹ̀ níbẹ̀. Bí wéèjì bá jáde, ọ̀rọ̀ á yí padà. Bí kò bá jáde, a jẹ́ pé Reuben ló gé ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Tún un sọ," ni Felix wí. "Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Reuben tún un sọ. Ó ní aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀ láàárọ̀ ni àwọn dé láti Mile 12, Ládé fi ìdí ọkọ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti dà, lọ́nà ògiri, ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Òun bọ́ sílẹ̀, òun há wéèjì sí táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, òun sì fi gìgísẹ̀ gbá a lẹ́ẹ̀mejì bí òun ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá Felix yọjú lójú fèrèsé, ó ní kí òun lọ ra okùn tapólì ní Ọjọ́ta. Ládé lọ jẹun. Nígbà tí òun fi máa dé, àwọn èèyàn ti ń ké.

"Ìyẹn ni pé o ò sí níbẹ̀."

"Mi ò sí níbẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n mo ti há a. Bíréèkì ọwọ́ ọkọ̀ yẹn ni kò mú. Ládé ti sọ fún yín lẹ́ẹ̀mẹta pé..."

"Ṣé bíréèkì ni mo bi ẹ́?"

 Òtítọ́ ni pé bíréèkì ọwọ́ ọkọ̀ keje kò mú láti ọdún tó kọjá. Atẹ́gùn inú bíréèkì ńlá ló máa ń di ọkọ̀ náà mú fún bíi wákàtí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì. Bí atẹ́gùn bá jò tán, wéèjì ló kù. Reuben ti ṣírò wákàtí méjì yẹn títí orí fi ń fọ́ ọ. Aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀ ni wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ni ọkọ̀ yí. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí atẹ́gùn tán, wéèjì kò sí lábẹ́ táyà. Ẹnì kan ti yọ ọ́ ṣáájú. Tàbí kẹ̀, kò fi í síbẹ̀ rárá.

Ohun tó ń dẹ́rù bà á nìyẹn. Ó rántí gìgísẹ̀ rẹ̀ lórí igi, gbà, gbà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ló ń rántí? Ó ti gbá igi yẹn lẹ́ẹ̀mejì lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́fà. Bí èèyàn bá ní káwọn ọjọ́ náà tò, kí ti Ìṣẹ́gun bọ́ síwájú, èwo ni yóò bọ́ síwájú nínú wọn?

Felix kọjú sí Ọláìyá. "Bàbá, aago mélòó lẹ dé?"

Ọláìyá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ni òun àti àwọn ọmọ òun bẹ̀rẹ̀ sí í kó páálí ọṣẹ sínú ọkọ̀.

"Ṣé ẹ rí wéèjì lábẹ́ táyà?"

"Mi ò wo ibẹ̀, ọ̀gá. Ẹrù ló wà lórí mi."

"Mo ní ṣé ẹ rí i?"

Ọláìyá wo Reuben, ó tún wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́jọ ló ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ nínú yáàdì náà. "Mi ò rí i," ló sọ.

"Ó ní òun kò rí i," ni Felix wí fún Mummy, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀.

"Bàbá Ọláìyá," Reuben pè é jẹ́jẹ́.

"Reuben, àbúrò mi, má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bi mí ni mo dáhùn."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí Loveth, ìyàwó Ládé, dé. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó rí i. Òfin Mummy ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ bàtà wọ ọ́fíìsì òun, nítorí rọ́ọ̀gì tó rà, àti nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà láràárọ̀. Sílípáàsì àti bàtà gbogbo wọn wà ní òkìtì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí Loveth ti ń bọ́ tirẹ̀ sínú òkìtì náà, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ nǹkan.

"Kí nìyí, ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí?" ló ń kùn. Ó di ìka ẹsẹ̀ mú, ó sì wọlé pẹ̀lú ojú tó ti wú.

Mummy ní kí ó jókòó. Ó bi í bí Ládé ti ń ṣe. Ará Warri ni Loveth, ṣùgbọ́n Kétu ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara. Ó ní Ládé ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní àtẹ́lẹsẹ̀ ń yún un láti òru, ó sì ní kí òun bá a họ ọ́.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Mummy wí. "Ara ti ń jí nìyẹn."

"Àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún ni, Mummy. Èyí tí wọ́n ti gé. Mo họ èyí tó kù, ó ní ìyẹn kọ́. Mo họ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní mi ò tíì dé ibẹ̀."

Abẹ̀bẹ̀ Mummy dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan ó tún bẹ̀rẹ̀.

Loveth yí sí Reuben. Uncle Reuben ló máa ń pè é tẹ́lẹ̀. Òun ló máa ń di oúnjẹ fún àwọn méjèèjì bí wọ́n bá ń lọ Lomé, ìdì ewé méjì, ẹran Reuben kì í sì kéré sí ti ọkọ rẹ̀. Lónìí ó wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ rí.

"Reuben, ó ní kí n bi ẹ́ ní nǹkan kan. Ó ní ṣé o há a? Ó ní kí o sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní ohun tí o bá sọ lòun máa gbà, òun ò ní í bi ẹ́ mọ́ láéláé."

Kí Reuben tó la ẹnu, Felix ti dìde. "Má dá a lóhùn. Fi hàn wá ná." Ó mú sítéépúlà lórí tábìlì, ó nà án sí Reuben. "Wéèjì rẹ rèé. Ọkọ̀ nìyẹn." Ó fi báírò tọ́ka sí àga Mummy, èyí tó ní táyà kéékèèké lábẹ́. "Fi hàn wá bí o ṣe há a."

Mummy rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Felix, ìwọ náà."

"Rárá, Mummy, ẹ jẹ́ ó fi hàn wá. Ó ní òun mọ iṣẹ́ òun."

Reuben gba sítéépúlà. Ó kúnlẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì. Láti ibi tó kúnlẹ̀ sí, ó ń rí ẹsẹ̀ Mummy nínú ìbọ̀sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, èékánná rẹ̀ tí wọ́n kùn ní pupa, àti táyà àga márààrún tí kò tó ẹ̀gúsí lójú ẹni tó ń wo táyà ọkọ̀ akẹ́rù lójoojúmọ́. Mummy gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ fún un. "Rọra o, má ti mí lulẹ̀." Ó há sítéépúlà sí ẹ̀yìn táyà kan. Ọwọ́ rẹ̀ kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbá a lẹ́ẹ̀mejì, gbà, gbà.

Felix ti àga. Àga kò yí.

"Ó há," ni Felix wí. "Àbí kò há?" Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ yọ sítéépúlà kúrò, ó tún ti àga. Àga yí padà, Mummy sì ké pẹ̀lú ẹ̀rín títí ẹ̀yìn àga fi kan ògiri. Ọláìyá rẹ́rìn-ín, ó sáré fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ rí i? Ó dìgbà tẹ́nì kan bá fi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ yọ ọ́. Igi kì í rìn. Ta ló wá wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ yọ igi tí kò ṣe é ní nǹkan kan? Ta ló fẹ́ fi ṣe kí ni? Dá mi lóhùn."

Reuben ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí ní ọgọ́rùn-ún ọ̀nà. Mọ́tò-bọ́ì mìíràn kò ní í yọ ọ́, nítorí èèwọ̀ ni kí èèyàn yọ wéèjì lábẹ́ ọkọ̀ tó dúró; ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn alẹ́rù kò ní í yọ ọ́, ọkọ̀ á yí lé wọn lórí. Olè kò ní í jí i, ta ni yóò rà á? Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí igi yẹn wà fún tí yóò fọwọ́ kàn án. Gbogbo ẹni tó wà nínú yáàdì ló sì mọ̀ ọ́n.

"Mi ò mọ̀ mọ́," ló sọ.

"Kí lo sọ?"

"Mo ní mi ò mọ̀ mọ́. Mo rò pé mo há a. Ó dà bíi pé mo há a." Kò lè gbé ojú sókè sí Loveth. "Ó lè jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni mo ń rántí."

Loveth kò pariwo. Ó kàn mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀, tí wọ́n sì gbé òmíràn lé e. "Mo ti gbọ́," ló wí. "Mo máa bá a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Felix ti ṣí fáìlì. Ìwé náà ti wà níbẹ̀ láti àná. Kúnbi, akọ̀wé Mummy, ló tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọ̀rẹ́ Mummy ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Kúnbi, ó ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ ní ẹ́sítéètì kan ní Ìṣẹ̀rì Olówóòra, kò sì tíì pé oṣù mẹ́rin tó parí ìsìnrú ìlú. Tábìlì rẹ̀ wà lóde, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí Reuben dúró níbẹ̀ láàárọ̀ fún wákàtí kan tí kò sẹ́ni tó pè é wọlé, òun nìkan ló kí i. Ó fún un ní omi inú ọ̀rá, ó dìde kí ó lè jókòó sórí àga òun, Reuben sì kọ̀. Kúnbi kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yáàdì ju ìgbà mélòó kan lọ. Nígbà tó ń tẹ ìwé náà, ó bi Felix pé kí ló ń jẹ́ wéèjì. Felix, tó jẹ́ pé bánkì ló ti wá, tí kì í sì í wo yáàdì kọjá ojú fèrèsé, ní irin kan báyìí ni tí wọ́n ń lò fún ọkọ̀ ńlá. Bó ṣe rí nìyẹn ní ilé-iṣẹ́ yìí: àwọn ará òkè kì í sọ̀ kalẹ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ kì í gòkè. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án, ìgbà kẹta tí Reuben gun àtẹ̀gùn yìí nìyí.

Felix ka ìwé náà sókè. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejì ọdún 2007. Ó ní èmi Reuben, mọ́tò-bọ́ì ọkọ̀ keje, gbà pé mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ láìfi wéèjì há a. Pé àìbìkítà mi ló fa ìjàǹbá tó dé bá awakọ̀ mi. Pé ilé-iṣẹ́ kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti òní lọ. Lẹ́yìn tó kà á tán, ó fi tirẹ̀ kún un lẹ́nu. Ó ní òun máa fi orúkọ Reuben ránṣẹ́ sí gbogbo yáàdì láti Ọjọ́ta dé Mile 12, kí wọ́n má baà gba apànìyàn síṣẹ́ láìmọ̀.

"Kò pa èèyàn," ni Ọláìyá kùn.

"Ẹsẹ̀ kan ló pa. Ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Felix gbé báírò síwájú Reuben. "Tí o kò bá fẹ́ fọwọ́ sí i, ọ̀rẹ́ mi kan wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ìpè mi ló ń dúró dè. Níbẹ̀, wọn ò ní í fi sítéépúlà bi ẹ́."

Reuben wo ìwé náà. Ó mọ̀ ọ́n kà, ó ka ìwé mẹ́fà ní Ìmẹ̀kọ kó tó wá sí Èkó. Ọ̀rọ̀ "àìbìkítà" ló wò jù. Bàbá rẹ̀ máa ń sọ pé ọmọ tí kò ní nǹkan kan gbọ́dọ̀ ní ìṣọ́ra. Reuben kò kọ́lé, kò ra ọkọ̀, kò di awakọ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ojú òsì rẹ̀ kò ríran tó. Ṣùgbọ́n ní gbogbo yáàdì, bí awakọ̀ kan bá fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́tò-bọ́ì tó dára, Reuben ti ọkọ̀ keje ló máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tó ní láyé nìyẹn. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, bí ọmọ iléèwé.

"Ó ṣeun," ni Mummy wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ó dáa kí èèyàn gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká fi àdúrà tú ká."

Wọ́n dìde. Mummy gbàdúrà fún Ládé, kí Ọlọ́run dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó gbàdúrà fún ọkọ̀ tó ń lọ sí Lomé lọ́la. Ó gbàdúrà pé kí Olúwa máa tú àṣírí gbogbo ohun tó bá fara pamọ́ nínú ilé-iṣẹ́ náà. Gbogbo wọn ṣe àmín. Reuben náà ṣe àmín, ohùn rẹ̀ sì ni wọ́n gbọ́ jù.

Loveth kọ́kọ́ jáde. Ó wọ bàtà rẹ̀ láìwo ẹ̀yìn. Ọláìyá tẹ̀lé e, ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ sílípáàsì rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, pá, pá, pá. Felix ní kí Reuben lọ kó ẹrù rẹ̀ nínú ọkọ̀ kó tó di aago méjì, kí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ Kúnbi. Mummy ti fa ìwé ẹrù ọkọ̀ Lomé sọ́dọ̀, ó ń fọwọ́ sí i.

Reuben fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì Kúnbi. Kúnbi rọra ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bọ̀ọ̀dá Reuben." Reuben dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn láti wá bàtà rẹ̀.

Òkìtì ti tán. Bàtà Felix àti ti Mummy ń dán lọ́tọ̀ lẹ́bàá ògiri. Sílípáàsì tirẹ̀ nìkan ló kù, ọ̀kan ti dojú dé. Ó fi ẹsẹ̀ yí i padà, ó wọ̀ ọ́. Èkejì fara ti nǹkan kan lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó na ẹsẹ̀ sí i, ó sì rí ohun tó fara tì.

Igi kan ni. Ó ga níhìn-ín, ó rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún. Orí rẹ̀ pupa. Wọ́n há a sábẹ́ ilẹ̀kùn Mummy, ilẹ̀kùn tuntun tó ní sípíríǹgì, tí kì í dúró ní ṣíṣí bí wọn kò bá fi nǹkan dì í mú.

Reuben bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò nu ẹ̀gbẹ́ igi náà. Níbi tí ìṣó gbígbóná ti jó o, 7 wà níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀ọ̀dá Reuben, ẹ má yọ ọ́ o," ni Kúnbi wí láti ìdí tábìlì rẹ̀. "Ilẹ̀kùn yẹn á tì padà, Mummy á sì máa pariwo ooru."

"Aunty Kúnbi, níbo lẹ ti rí i?"

"Nísàlẹ̀ níbẹ̀. Láàárọ̀ Túsìdeè. Bí Mummy ṣe dé báyìí ló ní kí n wá nǹkan fi há ilẹ̀kùn kíákíá, kí ooru má pa òun. Mo wá òkúta tì, mo wá rí i lábẹ́ táyà ọkọ̀ kan. Ó kàn wà níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó ń sọ ọgbọ́n kékeré tó dá. "Mo rò pé ó máa le láti fà, ṣùgbọ́n ó yọ wẹ́rẹ́."

Ó yọ wẹ́rẹ́. Atẹ́gùn ṣì wà nínú bíréèkì nígbà náà, òun ló di ọkọ̀ mú.

Reuben kò dìde. Nínú orí rẹ̀, gìgísẹ̀ kan gbá igi lẹ́ẹ̀mejì, gbà, gbà. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ó dá a lójú bí orúkọ rẹ̀.

Ó wo Kúnbi. Ọ̀rá omi tó fún un mu láàárọ̀ ṣì wà lórí tábìlì, ó ti rún pọ̀. Ó mọ ẹni tí Felix máa di ọ̀rọ̀ náà rù kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò ní í jẹ́ Mummy tó ní kí wọ́n wá nǹkan kíákíá. Kò ní í jẹ́ Felix tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ bíréèkì fún lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ yìí ni, tó fi àga sílẹ̀ fún un. Wọ́n á tẹ ìwé mìíràn, bóyá wọ́n á tilẹ̀ ní kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ó sì tún rántí Ládé lórí bẹ́ẹ̀dì, tí Loveth ń gbé èsì lọ bá báyìí, tó ní ohun tí Reuben bá sọ lòun máa gbà láéláé.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di igi náà mú, ó fà á. Kò yọ wẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

"Bọ̀ọ̀dá Reuben?" Kúnbi ti dìde. Ojú rẹ̀ wà lórí 7 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ètè rẹ̀ sì ń mì bí ẹni tó ń ka nǹkan tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé àyà.

Reuben bọ́ sílípáàsì kan tó ti wọ̀. Ó tò ó ti èkejì. Ó padà wọlé ní ẹsẹ̀ lásán, ilẹ̀kùn sì rọra ń padé lẹ́yìn rẹ̀ títí tí kò fi rí Kúnbi mọ́.

Ooru bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mummy kò gbé ojú kúrò lórí ìwé ẹrù tó ń fọwọ́ sí.

"Ta ló yọ nǹkan tó há ilẹ̀kùn yẹn?" ló béèrè.

Reuben rìn dé ìdí tábìlì. Ó gbé wéèjì ọkọ̀ keje lé orí ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí, ó sì yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ní 7 sí wọn.